Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí aláǹtakùn yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Létí ọ̀sà, ní Akọka l'Ékòó, ni mo ti rí aláǹtakùn kan lábẹ́ ewé tó ń jẹrà: kò tó èékánná, ó pọ́n bí epo, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì dúdú bí kóró iṣin. Akọ méjì àti abo kan wà nínú ẹ́táńọ́ọ̀lù (ọtí líle tí kì í jẹ́ kí wọ́n jẹrà) lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé irú tuntun tí kò tíì lórúkọ ni. Mo mọ̀ pé àwọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí, ẹ̀yà ìbímọ ni wọ́n fi ń ya irú aláǹtakùn kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Irú aláǹtakùn tó sì ti ní orúkọ ti lé ní 50,000. Ṣé akọ ni kí n fi ṣe àpẹẹrẹ ìpìlẹ̀ tí orúkọ máa so mọ́, àbí kí n wá abo sí i kí n tó kọ̀wé láti fún un lórúkọ? Wọ́n ti ń da yanrìn sí etí igbó náà, ọkàn mi ò balẹ̀.