Àngíótẹ́ńsìn inú ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi

Ẹ̀yin onímọ̀ ìṣègùn, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi kì í wálẹ̀ kọjá 160/100 láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń lo lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dín àngíótẹ́ńsìn kù, déédéé, tí mo sì ń fi ojú ara mi rí i tó ń ti àwo ọbẹ̀ tó níyọ̀ sẹ́yìn. Mo kà á pé ọpọlọ ní àngíótẹ́ńsìn tirẹ̀, ìyẹn èròjà inú ara tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, tó ń ti àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ láti mú òpójẹ̀ fún, tó sì ń fa òùngbẹ. Òùngbẹ sì ń jí màmá lóru. A ti yẹ ṣúgà wọn wò, kò ga. Ṣé lisinopril ń wọ inú ọpọlọ tó láti dènà àngíótẹ́ńsìn ibẹ̀, àbí candesartan, oògùn mìíràn tó ń dènà iṣẹ́ àngíótẹ́ńsìn, ni kí n bi dókítà wọn nípa rẹ̀?