Ósónì pẹ̀lú iná nínú omi aláró: àwọ̀ ṣá, májèlé ò lọ

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ósónì (gáàsì tí wọ́n fi ń fọ omi mọ́) ń hó nínú omi aláró lítà 1, irin stainless méjì sì ń gbé iná sí i. Àwọ̀ ti ṣá, àmọ́ májèlé ò dín. Kí ló fà á?

Èsì 1: Irin yẹn ni! Ẹ fi káàbọ̀n oníhò wínníwínní rọ́pò èyí tó wà lójú negative. Ọ́síjìn tó bá ósónì wọlé á di hydrogen peroxide (omi oògùn tó ń bó àwọ̀) níbẹ̀; òun àti ósónì á bí hydroxyl radical, tó ń fọ́ májèlé túútúú. Lára irin, hydrogen lásán ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń hó.

Èsì 2: pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) ńkọ́? Bí omi bá kan, peroxide kì í tètè bá ósónì ṣiṣẹ́. Ẹ fi sí 7 sí 9. Sodium sulfate (irú iyọ̀ kan) gíráàmù 7 ní lítà kan tó kí iná lè rìn. Ẹ má lo iyọ̀ ọbẹ̀ o, chlorine ló ń bí.

Èsì 3: Ẹ gba ósónì tó ṣẹ́kù kọjá nínú omi potassium iodide. Bó bá pọ́n bíi tíì, ósónì ṣì ń jáde. Ẹ má fà á símú rárá.