Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá wọn kọ òfin DAO rí, ẹ bọ́ síbí

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Àwa ará Ẹ̀pẹ́, nílé lóko, fẹ́ dáwó jọ ra fìríìsà ńlá fún àwọn ẹlẹ́ja ọjà Olúwo. Àwọn ọ̀dọ́ ní DAO, ìyẹn ẹgbẹ́ orí kọ̀ǹpútà, ni ká fi ṣe é: kí owó wà lórí blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí kò sí lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, kó jẹ́ ìbò ni yóò máa ṣí i, kó má sí akápò tó lè gbé e sá. Èmi ni wọ́n gbé òfin kíkọ lé lọ́wọ́.

Orí ìbò la ti fẹ́ pa ara wa. Tókìn kan (ìpín orí blockchain tí èèyàn ń fi owó rà), ìbò kan ni ọ̀pọ̀ DAO ń lò: bí owó rẹ bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn rẹ ṣe ń ròkè tó. Àwọn ìyá tó ti pẹ́ nínú alájẹṣẹ́kù yarí. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ ẹgbẹ́ kan ló ní ìbò kan, ìbáà ní mílíọ̀nù. Ọ̀kan ní, "Ọmọ tó wà ní Kánádà, tí kò mọ iye agbọ̀n ẹja kan, ni yóò wá máa pàṣẹ fún mi?"

Mo sọ ti Beanstalk, ètò owó orí blockchain kan, fún wọn. Ní oṣù kẹrin 2022, ẹnìkan yá òbítíbitì owó láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ó fi ra agbára ìbò, ó dìbò pé kí wọ́n kó àpò owó fún òun, ó sì dá èyí tó yá padà. Àdánù wọn tó mílíọ̀nù 182 dọ́là. Kò jálẹ̀kùn o, òfin wọn ló tẹ̀lé!

Ìdí nìyẹn tá a fi kọ ọ́ pé tókìn tó ti wà lọ́wọ́ rẹ kí àbá tó délẹ̀ nìkan la ó kà, àti pé owó tí ìbò bá gbà kò ní jáde kí ọjọ́ méje tó pé. Bó bá jẹ́ owó ńlá, ìbò méjì ni: ti tókìn, àti ti orí. Optimism, iṣẹ́ blockchain kan, náà dá irú ilé ìdìbò méjì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wálẹ́ẹ̀tì, àpò tí tókìn wà, ni blockchain mọ̀, kò mọ ènìyàn. Ẹnìkan lè ṣí ogún. Àwọn ìyá ló yanjú ìyẹn: kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé mú onídùúró méjì wá, bí wọ́n ti ń ṣe é bọ̀.

Ará Ìkòròdú

Tiwa, ibi tó gbà wá lásìkò jù ni pé bí ìwé òfin àti kóòdù, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, bá jà, èwo la ó gbọ́? Ní 2016, ẹnìkan rí ihò nínú kóòdù DAO kan tó ń jẹ́ The DAO, ó fa ether, owó orí blockchain Ethereum, tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta jáde. Àwọn kan ní kóòdù lòfin, kó máa gbé e lọ. Àwọn Ethereum tún àkọsílẹ̀ wọn tò ní oṣù keje kí owó lè padà; àwọn tó kọ̀ ló di Ethereum Classic. Àwa ní ìwé ló ga. Ẹni márùn-ún la yàn, méjì kò gbọdọ̀ ti agboolé kan náà wá. Bí mẹ́ta bá fọwọ́ sí i, wọ́n lè dá owó dúró. Wọn ò lè ná kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ará Àgbádárìgì

Ẹ ò tíì kan ikú. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú tòun ti kọ́kọ́rọ́ wálẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àṣírí tó fi ń ṣí i, ńkọ́? Kò sí báńkì tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ìwé ẹ̀rí ikú lọ. Òfin tiwa gbà kí ẹgbẹ́ pa tókìn olóògbé rẹ́, kí wọ́n ṣe òmíràn fún ajogún tó dárúkọ lọ́jọ́ tó wọlé. Orí ìwé lásán la ti ń gba orúkọ náà, tá a ń lẹ̀ ẹ́ pa, torí ohunkóhun tó bá wọ blockchain, ìyáálé àti ìyàwó ló lè kà á.