13% ni CPU ń kà, áàpù wa wá ń falẹ̀. Ẹ gbà mí o!

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé áàpù fáwọn èèyàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo nǹkan yìí, oṣù kẹrin rèé tí mo bọ́ sídìí iṣẹ́ yìí, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, tó bá ti di aago mẹ́sàn-án, àwọn kọ́sítọ́mà á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n á tẹ bọ́tìnì, ó di bíi sẹ́kọ́ńdù mẹ́wàá kó tó dáhùn. Mo ṣí gíráàfù, CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ò ju 13% lọ! Ọ̀gá mi ní ká ra sáfà tó tóbi jù báyìí lọ, èmi sì ń wò ó pé èyí tá a ní gan-an a ò tíì lò ó tán, kí la fẹ́ fi ńlá ṣe? Linux ló ń lò, core 8 ló ní (ọpọlọ kéékèèké tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú CPU), Node.js, ohun tó ń mú JavaScript ṣiṣẹ́ lórí sáfà, la fi kọ áàpù náà.

Bàbá Ṣeun, Houston:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú wàhálà. Ẹ má tíì ra nǹkan kan o. Ẹ pín 100 sọ́nà 8, èló ló kàn án? 12.5. 13% yẹn kì í ṣe pé sáfà yín ń sinmi, core kan ló ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, méje yòókù káwọ́ gbera. Gíráàfù yẹn ti pa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ kó tó fi hàn yín. Ká ní a gba alásè mẹ́jọ sóde, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ro àmàlà, àwọn méje jókòó sórí àpótí, ẹni tó bá ní ìdá kan nínú mẹ́jọ agbára wọn là ń lò ò parọ́, àmọ́ àwọn àlejò ti jókòó tipẹ́, ebi ń pa wọ́n. Tẹ́ ẹ bá tún gba alásè mẹ́jọ míì, àmàlà ò ní tìtorí ẹ̀ tètè jinná. Bí Node.js náà ṣe rí nìyẹn, thread kan ṣoṣo, ìyẹn ìlà iṣẹ́ kan tí core kan ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, ló fi ń ṣe JavaScript tẹ́ ẹ bá kọ.

Ẹ wọ inú sáfà, ẹ tẹ `top`, àṣẹ tó ń fi iṣẹ́ tó ń lọ hàn, kẹ́ ẹ wá tẹ 1. Á to àwọn core lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tó ti to àwọn process (àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) sísàlẹ̀, 100% ibẹ̀ core kan péré ni o, process kan lè máa jẹ 350% kó má sí aburú kankan níbẹ̀, core mẹ́ta àtààbọ̀ ló ń lò. Mo ti rí ẹni tó torí ẹ̀ pa process tí ò ṣẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Dublin:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Àǹtí, ẹ tún wo ìlà %Cpu(s) lókè. us ni iṣẹ́ áàpù yín, sy ni ti kernel (inú Linux fúnra ẹ̀), id ni ìgbà tó jókòó lásán, wa ni ìgbà tó jókòó tó ń retí díìsìkì. Èyí tójú mi rí màbo lórí ẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni st. Sáfà olówó pọ́ọ́kú kan la háyà, st ń lọ sí 30, mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko wá ẹ̀bi sọ́rùn kóòdù tí ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé sáfà yín fẹ́ ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ̀rọ ńlá tó gbé e sínú ń gbé agbára yẹn fún ẹlòmíì. Ayálégbé lẹ jẹ́ níbẹ̀. Kò sí kóòdù tẹ́ ẹ máa tún kọ tó máa wò ó sàn, ẹ kó kúrò ni.

Àwọn t3, sáfà kan tí AWS ti Amazon ń háyà fúnni, náà ńkọ́? t3.micro, 10% lórí vCPU kọ̀ọ̀kan (CPU tí wọ́n pín fún yín) lèyí tó lè máa lò lọ láìdúró, tẹ́ ẹ bá ti kọjá ẹ̀, kírẹ́díìtì tó kó jọ nígbà tó ń sinmi lẹ ń ná. Torí náà 30% níbẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré rárá.

Bàbá Ṣeun, Houston:
O ṣeun àbúrò. Gíráàfù CloudWatch ti AWS tún wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ló ń ṣírò tẹ́ ẹ ò bá san owó kún un. Sáfà lè gbóná fún sẹ́kọ́ńdù 20 kó wá tutù, 20 nínú 300 ò tó 7%, ẹ ò ní rí i.

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Mo ti ṣe é o! Mo tẹ 1 láago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje láàárọ̀ yìí, Cpu5 ń kà 100, àwọn yòókù 0, 1, 2. Nígbà tó yá ó ṣí lọ sí Cpu2, àmọ́ ẹyọ kan ló ń gbóná ṣáá. st jẹ́ 0. A wá tọpa ẹ̀, PDF ìròyìn ọ̀sẹ̀ ni, gbogbo máníjà ló máa ń fà á láàárọ̀ Mọ́ńdè, inú process tó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn gan-an ló sì ti ń ṣe é. Wọ́n ti fẹ́ gbé e sí process tiẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀gá ti gbé ọ̀rọ̀ sáfà tuntun tì. Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á gbé yín ga. Ẹ̀gbọ́n, load average, iye iṣẹ́ tó ń lọ tàbí tó ń dúró, ńkọ́? Ó kà 6 lánàá nígbà tí wọ́n ń ṣe backup, CPU sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan.

Bàbá Ṣeun, Houston:
Àmín o. Linux máa ń ka àwọn tó ń retí díìsìkì mọ́ load. Ẹ wo `wa` tí àbúrò sọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí backup bá tún ń lọ, kẹ́ ẹ sì wo process tó bá ní D níbi S nínú `top`. Tó bá jẹ́ àwọn ló pọ̀, díìsìkì lẹ máa bá wí.