Kí ló dé tí Yellow Ranger ò ní síkẹ́ẹ̀tì bíi ti Pink?

Mama Tolú:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí jàre. Mo bá a ṣí Power Rangers àtijọ́ yẹn, eré àwọn ọmọ márùn-ún tó ń wọ aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi jà, èyí táwa náà wò ní kékeré, mo ní kí n fi ráyè gún iyán, àfi bó ṣe sá wá bá mi ní kíṣìnnì tó ní “Mọ́mì, ṣebí obìnrin ni Trini tó ń jẹ́ Yellow Ranger, kí ló dé tí Pink ní síkẹ́ẹ̀tì tí òun ò ní?” Mi ò rí nǹkan kan sọ. Èmi náà wá jókòó tì í, mo rí i pé ẹnu Rita, àjẹ́ burúkú inú ẹ̀, ń sọ tiẹ̀, ohùn ń sọ tiẹ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní eré àwọn ará Japan ni, pé ṣe làwọn Amẹ́ríkà gé e mọ́ tiwọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni àbí ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀?

Òǹwòran Àgbà:
Kò parọ́ mà. Ọdún 1975 ni eré Super Sentai bẹ̀rẹ̀ ní Japan, ilé-iṣẹ́ Toei ló ṣe é, ti ọdún 1992 ló ń jẹ́ Zyuranger, òun ni Amẹ́ríkà gé. Haim Saban, ẹni tó gbé Power Rangers jáde, ti rí irú eré yìí ní Japan láwọn ọdún 1980, ó gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, wọn ò dá a lóhùn, àfìgbà tí Fox Kids, ètò àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n Fox, gbà, 28 August 1993 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wo ọgbọ́n ibẹ̀ o: ìjà, rọ́bọ́ọ̀tì, àwọn ẹbọra, gbogbo ohun tó ń jẹ owó pátá ni wọ́n ti yà tán ní Japan, akoto sì ti bo ojú gbogbo wọn. Wọ́n kàn wá ya ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì márùn-ún ní California tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀ tí wọ́n á máa mu júùsì, tó bá ti dorí ìjà, ó di Japan nìyẹn. Ẹ ṣọ́ ọ dáadáa, ẹ máa rí i tí ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé á ṣàdédé di ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta.

Yellow ti Japan, ọkùnrin ni, Boi lorúkọ ẹ̀. Pink nìkan lobìnrin láàárín àwọn márààrún, òun ni wọ́n rán síkẹ́ẹ̀tì fún. Amẹ́ríkà fẹ́ obìnrin méjì, wọ́n bá sọ Yellow di Trini. Aṣọ ńkọ́? Wọ́n ti fi jà tán. Rita yẹn náà, Machiko Soga ará Japan ni, èdè wọn ló ń sọ, wọ́n wá gbé ohùn òyìnbó lé e lẹ́nu.

Àbẹ̀kẹ́ Houston:
Ẹ̀yin ń pè é lọ́gbọ́n, èmi ò gbà o. Kí ló ní kí wọ́n má gbé ti Japan gan-an síta kí wọ́n fi òyìnbó sọ ọ́? Àbí àwọn ọmọ ibí ò lè wo ojú ará Japan ni?

Òǹwòran Àgbà:
Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n sanwó ẹ̀ ṣá. Bí ẹni ra òkìrìká tó gbé e fún télọ̀ ni, ìtàn inú ẹ̀ ni wọ́n tú palẹ̀. Ti Japan, jagunjagun ayé àtijọ́ ni wọ́n, wọ́n sùn fún 170 mílíọ̀nù ọdún kí wọ́n tó jí. Kò sí Bulk àti Skull, àwọn aláwàdà méjì yẹn, níbẹ̀ rárá, Amẹ́ríkà ló fi àwọn yẹn kún un.

Green Ló Ni Mí:
Ẹ ò tíì dé orí Tommy, Green Ranger wa! Green ti Japan, Burai, kú ni o, ó kú pátápátá, wọ́n sì jẹ́ káwọn ọmọdé wò ó. Amẹ́ríkà ò jẹ́ pa Tommy, àwọn ọmọ ti fẹ́ràn ẹ̀ jù. Ibẹ̀ laṣọ ti wá kúrú sí wọn lára, torí episode 50 ni Zyuranger, season àkọ́kọ́ Power Rangers sì jẹ́ 60, wọ́n ní láti bẹ Toei kó ya ìjà tuntun fún wọn. Nígbà tó di 1994 wọ́n mú aṣọ funfun inú Dairanger, ìyẹn Sentai tó tẹ̀ lé e, wọ́n wọ̀ ọ́ fún Tommy. Ẹni tó ni aṣọ yẹn ní Japan, ọmọdé ni o, tó bá ti wọ̀ ọ́ ló máa ń ga! Àwọn tó kù sì ń wọ aṣọ dinosaur wọn lọ, ẹ ò rí i pé ti Tommy dá yàtọ̀ láàárín wọn? Ohun tó fà á nìyẹn.

Ọmọ Rélùwéè:
Ẹ wo ti Thomas náà, eré ọmọdé nípa ọkọ̀ ojú irin tó ń sọ̀rọ̀. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni episode kan ní Bìrìtìkó, kò lè kún ààbọ̀ wákàtí lórí PBS, tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bá ṣe Shining Time Station lọ́dún 1989, eré ní ibùdókọ̀ rélùwéè, Ringo Starr, olórin Beatles, á wá yọ bí èèyàn kékeré bíńtín, á ní òun fẹ́ sọ ìtàn Thomas. Ìyẹn tiẹ̀ dáa, ilé ni wọ́n kọ́ yí i ká, wọn ò pààrọ̀ ẹni tó wà nínú ẹ̀. Àyàfi Fat Controller, ọ̀gá àwọn ọkọ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní Sir Topham Hatt ṣá.

Mama Tolú:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti sọ fún un. Ó ní ṣé Boi mọ̀ pé wọ́n ti sọ òun di Trini. Mo ní kó wá jẹ iyán ẹ̀.