Ẹ̀dọ̀ bàbá mi ti ń da ọpọlọ wọn láàmú: ṣé kí n dá ẹja padà sínú oúnjẹ wọn?

Ṣágámù ni mo ti ń kọ̀wé. Ọdún kejì rèé tí ẹ̀dọ̀ bàbá mi ti le, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ló fà á. Obì ni wọ́n ń tà láti kékeré. Lóṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n jókòó ti agbọ̀n, wọ́n ka obì dé méjìlá, wọ́n wò mí lójú: "Mélòó ni mo kà dé?" Wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, ojú wọn ń dá lóru. Bí wọ́n bá na ọwọ́ síwájú, ọrùn ọwọ́ á máa já wálẹ̀ bí apá ẹyẹ.

Dókítà ní amóníà, ìdọ̀tí olóró inú ara tí ẹ̀dọ̀ kò lè sẹ́ mọ́, ló ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ó fún wa ní oògùn lactulose, kí wọ́n lè máa yàgbẹ́ rírọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí wọn ò bá rí ìgbẹ́ yà ni ọ̀rọ̀ wọn ń dàrú.

Oúnjẹ ló kù. Ẹbí ní kí a yọ ẹran, ẹja àti ẹyin kúrò, pé ibẹ̀ ni amóníà ti ń wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Ìkòkorè láìsí ẹja! Apá wọn ti gbẹ, ṣòkòtò ò dúró nídìí mọ́. Nọ́ọ̀sì kan wá ní àṣìṣe ni, pé iṣan ara náà ń bá ẹ̀dọ̀ gbá amóníà kúrò. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ká tó tún rí dókítà.

Ẹ̀yin oníṣègùn, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú irú aláìsàn yìí, ẹ jọ̀ọ́: ṣé kí n dá ẹja àti ẹyin padà báyìí, àbí ẹ̀wà ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, báwo ni kí n sì ṣe pín in láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́?