Ogun parí ní 1945, Bàbá dé ní 1946: níbo ni wọ́n wà?

Ọmọ-ọmọ Sójà:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ìmọ̀ràn yín ni mo wá gbà. Bàbá tó bí bàbá mi lọ sí ogun Hitler, àwọn ará Japan ni wọ́n bá jà ní Bọ́mà. A fẹ́ kọ ìwé ìrántí wọn, ọ̀rọ̀ kan sì ń da ilé rú. Oṣù kẹjọ 1945 ni Japan túúbá, ṣùgbọ́n ìparí 1946 ni Bàbá tó wọlé. Àbúrò wọn kan ṣoṣo tó kù láyé takú pé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ṣe lọ́hùn-ún. Bàbá mi ti sunkún rí lójú mi nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Bàbá fúnra wọn kì í sọ púpọ̀. Wọ́n ní ojú ọ̀run ni oúnjẹ ti ń já bọ́, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù la igbó kọjá. Òjò kì í dá, eṣúṣú á lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n máa ń dárúkọ ibì kan, "Létímọ́ọ̀kù". Tí a bá bi wọ́n pé báwo ni ìparí ogun ṣe rí, wọ́n á ní, "A dúró." Ó tán. Nínú àpótí wọn, a rí aṣọ kékeré kan tó ní àwòrán ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí? Àbí kí n kúkú yọ ọdún náà kúrò nínú ìwé?

Ọmọ Bárékè:
Ẹ má yọ ọdún kankan! Ẹ tún aṣọ yẹn wò dáadáa, bóyá inú òṣùká ni ọ̀kọ̀ méjèèjì gbà kọjá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àmì Dífíṣọ̀n 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan. Dífíṣọ̀n 81 ló ní àmì aláǹtakùn. Létímọ́ọ̀kù tí Bàbá ń wí, Letmauk ni, ní agbègbè Arakan ní Bọ́mà. Wọ́n jà kíkankíkan níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ bárékè tó wà ní Mókọ́lá, n'Íbàdàn. Mo ti ń pe orúkọ yẹn láti kékeré, kí n tó mọ̀ pé àwọn bàbá wa kú síbẹ̀.

Ní ti ẹ̀wọ̀n, àwọn 82 ṣì wà ní Bọ́mà lẹ́yìn tí Japan túúbá. Ọkọ̀ ojú omi kò kárí, 1946 ni ọ̀pọ̀ wọn tó rí ilé. Ohun tí Bàbá sọ náà nìyẹn: wọ́n dúró.

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má fi ìwé bá àbúrò Bàbá yẹn jà o. Ọmọ kékeré ni wọ́n nígbà náà. Ó lè jẹ́ pé ìgbà tí àwọn mìíràn ń dé, tí ẹ̀gbọ́n wọn ò dé, ni ẹnìkan sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n fún ìyá wọn. Lọ bá wọn nílé, fi aṣọ náà lé wọn lọ́wọ́, kí o sì dákẹ́ díẹ̀.

Olùkọ́ Ìtàn:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wá ìwé tí wọ́n fi yọ̀ǹda Bàbá lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Wọ́n máa ń kọ ìwà sójà sínú rẹ̀. Tí ẹ bá rí orúkọ bàtálíọ̀nù wọn, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn ọmọ ogun Bọ́mà wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ní London, lábẹ́ nọ́ńbà WO 172.

Ọmọ-ọmọ Sójà:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná sí aṣọ náà ni. Òṣùká ni lóòótọ́. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń gbé e lọ fún wọn.